Ibo ni omi rédíétọ̀ ń gbà lọ? Ìbéèrè yín lórí ọkọ̀ tó ń gbóná

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ọkọ̀ ti dàgbà, ọkọ̀ ń gbóná, omi ń tán, mẹkáníìkì ti pààrọ̀ eléyìí ó ti pààrọ̀ tọ̀hún, owó ti lọ, ọkọ̀ ò dẹ̀ gbọ́. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù: omi inú ẹ́ńjìnì kì í ṣe epo, ọkọ̀ kì í mu ún. Yíyí ló ń yí po, ó ń ti ẹ́ńjìnì lọ sí rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀ láti lọ tutù, ó ń ti rédíétọ̀ padà sí ẹ́ńjìnì, tó bá dín, ó gba ibì kan lọ ni, ẹni tó dẹ̀ ń bu omi sí i láràárọ̀ tí ò wá ibi tó ń gbà lọ, ajere ló fi ń pọnmi. Torí náà ìbéèrè méjì ni màá máa bi yín lónìí: ìgbà wo ló ń gbóná? Ibo ni omi ń gbà lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 1999 ni mo ń lò, ẹ́ńjìnì 2.2, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń kó ọjà láti Bódìjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ń bu píọ̀ wọ́tà méjì sí rédíétọ̀ ẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì. Mi ò rí omi nílẹ̀ o, mo ti wolẹ̀ títí. Tí mo bá wà lórí ìrìn kò sí wàhálà, àmọ́ tí mo bá ti kó sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, tí mo dẹ̀ tan éésì, ọwọ́ géèjì ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ yọ tẹ́mósítáàtì, ìdérí kékeré tó ń là tó ń pa dé fún omi bí ooru ẹ́ńjìnì bá ṣe rí, ó ní kò wúlò nílẹ̀ wa. Èkejì ní ká lọ fọ rédíétọ̀, a fọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ti wá ń sọ pé ká tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, owó tó dẹ̀ pè ju agbára mi lọ. Nǹkan kan tún wà tí mi ò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí, kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń tutù, wọ́n ní omi éésì ni. (Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Màmá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tọ́ọ̀pù ọkọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sí ìparí lẹ́tà yín bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, òun gan-an ló jẹ́ kí n dìde jókòó. Lójú tèmi, àìsàn méjì ló wà lára ọkọ̀ yín, wọ́n kàn ń tọ́jú méjèèjì bíi pé ẹyọ kan ni, ìdí nìyẹn tí oògùn ò fi ràn án.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti omi. Lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ yín, rédíétọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, ti hítà ni, èyí tí àwọn ará ìlú olótùútù fi ń yáná nínú ọkọ̀. Àwa ò lò ó, ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà, àmọ́ omi ẹ́ńjìnì kan náà yẹn ló ń gba inú ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ayé. Tó bá ti gbó tó lu, omi ò ní kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, inú ọkọ̀ ló máa ṣàn sí, sórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi ẹsẹ̀ yẹn gan-an. Òótọ́ ni pé omi éésì náà lè ṣàn síbẹ̀ tí ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, nítorí náà mi ò lè jókòó síbí kí n búra. Àmọ́ ìdánwò tó máa sọ òótọ́ fún yín ò gba kọ́bọ̀. Ẹ fa omi inú kápẹ́ẹ̀tì yẹn gbẹ, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ síbẹ̀, kí ẹ wá lo ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láì tan éésì rárá, mo mọ̀ pé ooru máa mú yín, ẹ fara dà á. Tí bébà bá gbẹ táútáú ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi éésì ni lóòótọ́. Tó bá tutù, pàápàá tó bá ní àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti irin tó dípẹtà, omi rédíétọ̀ ni, ẹ ti rí ibi tí píọ̀ wọ́tà yín ń lọ láti oṣù mẹ́rin.

Ẹ sì wò ó o, ká ní kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀, ló wà nínú ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí ò ní pẹ́ tó báyìí. Kúláǹtì ní àwọ̀, ó ń rùn bíi nǹkan dídùn, tó bá ń jò sínú ọkọ̀ ẹ ó máa gbóòórùn ẹ̀, gíláàsì iwájú á máa bò lójú bí ẹni fi òróró nù ún. Omi lásán ò ní àwọ̀, kò lóòórùn, tí kì í bá ṣe pé ìpẹtà wà nínú ẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti éésì. Èmi máa ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n lo kúláǹtì nítorí ìyẹn nìkan pàápàá, ká má tíì sọ ti ìpẹtà.

Tó bá jẹ́ pé rédíétọ̀ hítà ló lu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Họ́ọ̀sì méjì ló gba ara ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti inú ọkọ̀ wọlé lọ sí ibẹ̀, kí mẹkáníìkì yọ méjèèjì, kó fi páìpù kékeré kan so wọ́n pọ̀ níta kí omi lè máa yí lọ láì wọ inú ọkọ̀ mọ́. Síso ni mo wí o, kì í ṣe dídí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń lò bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa tí wọn ò dẹ̀ ní ìṣòro kankan.

Tí bébà bá wá gbẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, láàárọ̀ kí ẹ tó jáde ló dáa jù, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe omi ni kí ẹ máa wá, àbàwọ́n omi tó ti gbẹ ni, ó máa funfun bí ẹfun tàbí kó pọ́n bí ìpẹtà. Ẹ wo ẹnu gbogbo họ́ọ̀sì níbi tí wọ́n fi kílíìpù dè é, ẹ fọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, tó bá ti rọ̀ jù tàbí tó le gan-gan tó ń sán, ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀. Ẹ wo orí rédíétọ̀ dáadáa, ike ni òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, dúdú ló máa ń jẹ́ nígbà tó bá ṣì tuntun, tó bá ti pẹ́ nínú ooru á di àwọ̀ tíì, á sán wẹ́wẹ́ tínrín tí ojú lásán lè má rí. Ojú sísán yẹn máa ń pa dé tí ọkọ̀ bá tutù, tó bá gbóná ló máa ń là, omi á fín sára ẹ́ńjìnì tó gbóná, á sì gbẹ kó tó kanlẹ̀, ẹ̀yin á dúró níbẹ̀ ẹ ó ní ẹ ò rí omi nílẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń jò láì jò nìyẹn. Wọ́tà pọ́m̀pù, ẹ̀rọ tó ń ti omi yí po, náà wà níbẹ̀, nínú ẹ́ńjìnì tiyín yìí táímìn bẹ́líìtì ló ń yí i, ó fara pamọ́ sábẹ́ ìdérí, tó bá fẹ́ kú, ihò kékeré kan lára ẹ̀ ni omi á ti máa kán, ẹ ó rí i ní ẹ̀gbẹ́ tí àwọn bẹ́líìtì wà. Tí ẹ ò bá rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ táímìn bẹ́líìtì gbẹ̀yìn, tó máìlì 60,000, ìyẹn bíi kìlómítà 96,000, ni wọ́n ní ká máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe òun àti pọ́m̀pù lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ títú kan náà ni.

Ẹ̀rọ kan tún wà tó yẹ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì kó tó fọwọ́ kan nǹkankan, ó jọ pọ́m̀pù kẹ̀kẹ́, ẹnu rédíétọ̀ ni wọ́n ń dè é mọ́ nígbà tí ọkọ̀ tutù, wọ́n á fún atẹ́gùn sí i títí dé iye tí wọ́n kọ sára ìdérí rédíétọ̀, wọ́n á wá dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá ń wálẹ̀, omi ń jò níbì kan, ẹ ó sì rí ibẹ̀ láì sí pé ẹ́ńjìnì ń jó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ tú tọ́ọ̀pù ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ láì ní irinṣẹ́ yìí, ẹ fura.

Ó ku àìsàn kejì. Ẹ ní tí ọkọ̀ bá ń rìn kò sí wàhálà, inú góòsíló ló ti ń gbóná. Ọ̀rọ̀ tó tóbi lẹ sọ yẹn o! Tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń tu rédíétọ̀ lára, tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà ẹ páàkì ọkọ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tan éésì, kí ẹ wá bọ́ sílẹ̀ wo fáànù méjèèjì tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Méjèèjì ló yẹ kó máa yí. Tí ọ̀kan bá dúró, ó lè jẹ́ fúúsì, ó lè jẹ́ ríléè, ó lè jẹ́ mọ́tò fáànù fúnra ẹ̀ ló ti jó, ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tó mọṣẹ́ á mú wáyà láti bátìrì fi kàn án tààrà, tó bá yí, fáànù ò ṣe nǹkankan, iná ni ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ tún wo ibi tó ń fẹ́ sí. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n so wáyà fáànù ẹ̀ sódì, fáànù ń yí, ariwo ẹ̀ ń dún, ọkàn olọ́kọ̀ balẹ̀, àmọ́ ńṣe ló ń ti atẹ́gùn jáde síwájú dípò kó máa fà á wọlé, oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn. Ẹ mú bébà pélébé kan síwájú gíríìlì láti ìta, tí fáànù bá ń yí síbi tó dáa, bébà yẹn á lẹ̀ mọ́ gíríìlì. Kí ẹ má gbé ọwọ́ tàbí ìró tàbí gèlè sún mọ́ fáànù fúnra ẹ̀ o, ó lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ẹ ti paná ẹ́ńjìnì pàápàá.

Kí wọ́n dá tẹ́mósítáàtì padà. Mo mọ̀ pé ẹni tó yọ ọ́ ò ní ọkàn burúkú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, wọ́n ní ilẹ̀ wa ti gbóná tẹ́lẹ̀, kí la tún fẹ́ fi nǹkan tó ń dí omi ṣe. Àmọ́ kì í ṣe òtútù ìta ni wọ́n ṣe é fún. Nínú Toyota bíi tiyín, tí tẹ́mósítáàtì bá là, ó tún máa ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnì láì dé rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn á wà ní ṣíṣí títí ayé, omi gbígbóná kan á máa yí padà sínú ẹ́ńjìnì láì tutù. Lórí ìrìn, ẹ́ńjìnì á tutù jù, á máa jẹ epo, nínú góòsíló, á gbóná. Tí ẹ bá ra òmíràn, ẹ wo ara ẹ̀, wọ́n máa ń kọ 82 síbẹ̀, ìwọ̀n ooru, lórí Celsius, tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í là nìyẹn. Ẹ jù ú sínú omi nínú agolo, ẹ gbé e kaná, kí omi tó hó ó gbọ́dọ̀ ti là, tó bá kọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ máa sọ fún mẹkáníìkì pé kí irin kékeré tó ń mì jẹ́njẹ́n lára ẹ̀ wà lókè nígbà tó bá ń fi sí i, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Camry 2004, Big Daddy, ẹ́ńjìnì 2.4, ni mo fi ń ṣe káàbù l'Ékòó. Mo gbé èrò lọ sí Ìbàdàn, bí mo ṣe kọjá Ìbàfò ni ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo ní kí n rọra máa lọ, nígbà tó yá ọwọ́ géèjì kàn ṣàdédé wálẹ̀ pátápátá, mo ní a dúpẹ́ o, ó ti tutù, mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ ẹ́ńjìnì kú. Wọ́n ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti ara ẹ́ńjìnì, ló jó, a pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n dẹ̀ fá ojú tọ́ọ̀pù. Oṣù méjì péré, ó ti tún bẹ̀rẹ̀, omi ń tán, ó tún ń pọ̀ padà sínú ike ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Ṣé ayédèrú gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi sí i fún mi ni? (Àbúrò yín, Ìpájà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, ó dùn mí gan-an, torí mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn lo fi ń jẹun. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ géèjì yẹn kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún géèjì bí ooru ṣe pọ̀ tó, inú omi ló jókòó sí. Tí omi bá ti tán, afẹ́fẹ́ lásán ló kù níbi tó wà, kò ní mọ nǹkankan mọ́, ọwọ́ géèjì á já wálẹ̀. Nítorí náà tí ooru bá ń gòkè bọ̀ tó wá já lulẹ̀ lójijì, ẹ má dúpẹ́, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ paná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi ti tán pátápátá nìyẹn.

Ó lè jẹ́ ayédèrú, àmọ́ ẹ́ńjìnì tìrẹ yìí ní nǹkan kan tí àwọn tó ti ń tú u mọ̀ ọ́n mọ́. Bọ́ọ̀tì gígùn mẹ́wàá ló de tọ́ọ̀pù sílẹ̀, inú áńlúmíníọ̀mù ni wọ́n dẹ̀ wọ̀ sí. Tó bá ti gbóná jù, ihò bọ́ọ̀tì, pàápàá àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún lápá ibi tí ògiri ọkọ̀ wà, máa ń jẹ, bọ́ọ̀tì á jókòó síbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ kò ní dì mú. Ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹwàá, omi á tún wá ọ̀nà jáde. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, bọ́ọ̀tì tí ihò ẹ̀ ti jẹ á kàn máa yí ṣáá ni, tàbí kó fa ìyẹ̀fun áńlúmíníọ̀mù jáde. Ìtọ́jú ẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ihò yẹn fẹ̀, kí wọ́n fi irin tuntun tó ní ojú tí bọ́ọ̀tì ń yí wọ̀ sínú ẹ̀ kí bọ́ọ̀tì lè rí nǹkan dì mú, kì í ṣe gọ́ọ̀mù o, kì í ṣe kí wọ́n yí okùn mọ́ bọ́ọ̀tì. Tí wọ́n bá tún fá ojú tọ́ọ̀pù, ní kí wọ́n fi rúlà irin tó gún régé wọ̀n ọ́n lójú ẹ, tó bá ti tẹ̀ ju 0.05 mílímítà lọ, kò tíì yẹ ní dídè.

Kí o má tíì tú u o! Kọ́kọ́ rí i dájú pé tọ́ọ̀pù ni lóòótọ́. Tí ọkọ̀ bá tutù, ṣí rédíétọ̀, bu omi kún un, tan ẹ́ńjìnì, wo ẹnu ẹ̀. Tí èéhó bá ń hó wá sókè láì dáwọ́ dúró, atẹ́gùn iná ń wọ inú omi nìyẹn. Fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì tí o tan án, tó bá ti le gbagidi nígbà tí ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tó dájú jù ni oògùn olómi búlúù kan tí wọ́n máa ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀, atẹ́gùn inú ẹ̀ ni wọ́n á fà gba inú oògùn kọjá, tó bá ti yí padà di yẹ́lò, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí náà wò, tó bá rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti pàdé ọ́ìlì, àmọ́ tó bá jẹ́ díẹ̀ báyìí lára ìdérí nìkan, má tíì gbé ìdájọ́ kalẹ̀, ọkọ̀ tó bá ń rìn ìrìn kúkúrú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín funfun tó nípọn nínú sáléńsà, tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Àmọ́ ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ṣì wà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná? Orí eré ni, kì í ṣe inú góòsíló. Nítorí náà kì í ṣe fáànù ló kọ́kọ́ dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé omi ti ń jò láti ilé, ó lè jẹ́ wọ́tà pọ́m̀pù, àmọ́ rédíétọ̀ tó ti dí nínú ni mo kọ́kọ́ máa fura sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná tó sì ti kú, tí o ti yọ iná fáànù, fọwọ́ pa ojú rédíétọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ àti láti ọ̀tún sí òsì, rọra o. Tí ibì kan bá gbóná tí ìkejì ẹ̀ wá tutù bí omi àmù, omi ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Wo iwájú ẹ̀ náà, láàárín òun àti ti éésì, eruku ọyẹ́, ọ̀rá, kòkòrò, wọ́n máa ń kún ibẹ̀ dí fọ́fọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé kó o wo èyí nígbà tí wọ́n tú u lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n wo ọgbẹ́ wọn ò wo ọ̀bẹ. Tí o bá tún tọ́ọ̀pù ṣe tí o fi rédíétọ̀ yẹn sílẹ̀, oṣù méjì míì la tún máa jọ sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí èèyàn ṣe gan-an tí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà? Ọkọ mi máa ń ní kí n da omi tútù lé e lórí. (Olùkọ́, Ọ̀wọ̀)

ÌDÁHÙN: Rárá o, màdáámù. Pa éésì, kí ẹ tan hítà sí ibi tó gbóná jù, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, hítà yẹn á gba díẹ̀ nínú ooru ẹ́ńjìnì, ìyẹn á jẹ́ kí ẹ lè rọra dé ibi tó ṣeé dúró sí. Tó bá ti dé orí pupa, ẹ dúró níbikíbi tí ò bá ti léwu, ẹ paná. Ẹ má ṣí rédíétọ̀. Mo ní ẹ má ṣí i. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ kan tí a jọ wà níbẹ̀ fi àkísà dì í mú ó ṣí i, kò tíì yí i tán tí omi náà fi fò sókè, àyà ẹ̀ àti ọrùn ẹ̀ bó, igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ohun tó fà á ni pé inú rédíétọ̀ tí ìdérí ẹ̀ bá ń dì í mú ní nǹkan bíi 15 psi, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà náà, omi lè gbóná dé bíi 120 lórí Celsius kó tó hó, níta 100 ló máa ń hó. Bí ẹ bá ṣe ṣí i báyìí, ìdè yẹn tú, gbogbo omi náà á fẹ́ di ooru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú yín ló dẹ̀ máa gbà jáde.

Ẹ dúró tó wákàtí kan. Tí ẹ bá lè fọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè tó rọ̀ tí kò jó yín lọ́wọ́, ẹ lè ṣí i. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Omi tútù lórí irin gbígbóná ló ń sán tọ́ọ̀pù, ẹni tó bá ti gbé ìkòkò amọ̀ gbígbóná sínú omi rí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ sọ fún ọkọ yín.

ÌBÉÈRÈ: Peugeot 504 bàbá wa, ọdún 1982 ni wọ́n rà á, ti Kàdúná ni. Tí wọ́n bá ti paná ẹ̀ tán, omi á máa hó jáde nínú páìpù kékeré ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, tó bá wá di àárọ̀ họ́ọ̀sì òkè á fún pọ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni fẹnu fà á. Ẹnì kan ní kí wọ́n fọ́ ẹyin sí i, wọ́n ti fọ́ ọ. Wọ́n ò fẹ́ tà á, wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn. (Ọmọ Bàbá Tíṣà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Bàbá o, kí wọ́n má tà á. Ilé iṣẹ́ Kàdúná yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975, àwọn 504 tó jáde níbẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ wa lọ sílé ìwé.

Ìdérí rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, òun ló rọjú jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnu méjì ni ìdérí yẹn ní, ọ̀kan ní sípíríìnì tó ń di omi mú kó má tètè hó, tó bá ti rẹ̀ ẹ́, omi á máa hó jáde. Ìkejì kéré, òun ló ń jẹ́ kí omi padà wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń tutù, tó bá ti lẹ̀ pọ̀, inú rédíétọ̀ á máa fa ara ẹ̀ mọ́ra, họ́ọ̀sì á fún pọ̀. Ohun tí ẹ sọ ṣe déédéé pẹ̀lú méjèèjì. Nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ rà, ẹ má ra èyí tó ga jù ú lọ pé ó máa lágbára, ohun tó bá ti gbó jù nínú họ́ọ̀sì àti rédíétọ̀ ló máa bẹ́. Ẹ yẹ páìpù kékeré yẹn wò náà, ó lè ti dí.

Ẹyin yẹn ló ń bà mí nínú jẹ́. Òótọ́ ni pé ó máa ń dí ihò kékeré, ó jiná síbẹ̀ ni, àmọ́ kò mọ̀ yàtọ̀ láàárín ihò tó ń jò àti ojú ọ̀nà tóóró inú rédíétọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń dí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ rédíétọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi omi ṣàn án láti ìsàlẹ̀ sí òkè, títí tó fi máa mọ́. Tó bá jẹ́ rédíétọ̀ bàbà ti àtijọ́ ló ṣì wà lára ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oníke pààrọ̀ ẹ̀ fún yín, tí bàbà bá lu, àwọn tó ń jó o wà, wọ́n á jó o, á tún lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

ÌBÉÈRÈ: Omi kànga, omi bọhóòlù, píọ̀ wọ́tà, èwo ló dáa? Ṣé mo lè da kúláǹtì pupa pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé? (Bàbá Àyọ̀, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Bàbá Àyọ̀, tó bá jẹ́ pé ẹ há sójú ọ̀nà, omi tí ẹ bá rí ni kí ẹ lò. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tó máa gbé inú ẹ̀, omi bátìrì tí ò ní iyọ̀ kankan nínú (distilled water, kì í ṣe ásíìdì bátìrì o) ni kí ẹ fi po kúláǹtì, ìdajì sí ìdajì. Omi kànga àti bọhóòlù ní àwọn èròjà ilẹ̀ nínú, èyí tó ń di èépá funfun nídìí kẹ́tù yín nílé, ohun kan náà ló máa ṣe nínú rédíétọ̀. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára ike kúláǹtì pé wọ́n ti pò ó tán, ẹ má tún da omi kún un. Àwọ̀ ò ní òfin kan, pupa ilé iṣẹ́ kan lè má jọ pupa ilé iṣẹ́ kejì nínú, ẹ má pò wọ́n pọ̀, òmíràn máa ń dì bí ọ̀gì tí omi ẹ̀ ti ro. Ẹ tú ti tẹ́lẹ̀ dànù, ẹ fi omi fọ inú ẹ̀, kí ẹ tó da tuntun.

Èyí tí ẹ bá tú jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ nínú abọ́ ní àgbàlá, ẹ má sì dà á sí gọ́tà ìta. Ó ń dùn lẹ́nu, májèlé dẹ̀ ni, ajá á lá a, ewúrẹ́ á mu ún, ọmọdé náà á fẹ́ tọ́ ọ wò nítorí àwọ̀ ẹ̀. Ẹ má gbé e sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rárá. Tí ọmọ bá sì ti mu ún, bó ti wù kó kéré mọ, kódà tí ara ẹ̀ ṣì le tó ń ṣeré, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má dúró wò ó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì mú ike kúláǹtì náà dání kí dókítà lè rí ohun tó mu.